Bí ọ̀rọ̀ àdúgbò ní Ìkòròdú ṣe lè dé inú ìwé ìṣúná Abuja

Ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìkòròdú ló ń ṣe é báyìí: wọ́n á dúró de ọjọ́ tí Ọ̀nọ́rébù, ìyẹn aṣojú wọn nílé aṣòfin Abuja, bá wá pín ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí tó wá ṣí iṣẹ́ kan. Ẹnì kan á gba gbohùngbohùn, á ní, "Ọ̀nọ́rébù, ọ̀nà wa ti bàjẹ́ o, ẹ rántí wa." Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, Ọ̀nọ́rébù á ní òun ti gbọ́, ó parí síbẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí ọjọ́, kò sí ẹni tí yóò tẹ̀lé e. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á tún sọ ọ́.

Ohun tí aṣòfin àpapọ̀ lè ṣe fún àdúgbò kò tó ohun tí àwọn èèyàn ń bi í, ṣùgbọ́n èyí tó lè ṣe, ìwé ìṣúná ló ń gbà kọjá. Iṣẹ́ tí kò bá sí nínú ìwé ìṣúná, ìlérí ṣì ni. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí bí ọ̀rọ̀ yín ṣe máa wọ ìwé yẹn, àti bí kò ṣe ní kú sínú rẹ̀.

Ta ló ni iṣẹ́ náà?

Káńsù Ìkòròdú àti LCDA (káńsù kéékèèké tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀) márùn-ún tó wà lára rẹ̀, ìyẹn Ikorodu North, Ikorodu West, Igbogbo-Baiyeku, Ijede àti Imota, ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin. Aṣojú kan ni gbogbo wọn ní láàárín 360. Babajimi Benson ló wọlé síbẹ̀ ní 2015, 2019 àti 2023. Sẹ́nétọ̀ yín ni ti Ìlà-Oòrùn Èkó, tí ẹ jọ pín pẹ̀lú Epe, Ibeju-Lekki, Kosofe àti Shomolu. Tokunbo Abiru ló wọlé síbẹ̀ nínú ìdìbò tí wọ́n fi dí àyè tó ṣófo ní oṣù Kejìlá 2020, ó sì tún wọlé ní 2023. Àwọn méjì tó ń ṣojú Ìkòròdú ní Alausa, níbi tí ilé aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó wà, yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí. Ìṣúná Ìpínlẹ̀ Èkó ni tiwọn. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà kan náà sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú á rò pé ẹnì kejì ti ń bójú tó o.

Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọlọ́pàá, ìwé ìrìnnà, NIN àti JAMB, ti Abuja náà ni. Ilé ìwòsàn ìjọba ńlá Ìkòròdú àti yunifásítì LASUSTECH, ti Èkó ni. Ọjà, gáréèjì, òpópónà inú àdúgbò àti gọ́tà rẹ̀, ọrùn káńsù ni Àtẹ Kẹrin òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 gbé wọn kọ́.

Ẹ̀yin náà ṣì ń rí aṣòfin àpapọ̀ tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tó ń ra tíráńsífọ́mà, tó ń da òkúta sí òpópónà káńsù. Iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn ìdìbò ni ìyẹn, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Zonal Intervention Projects. Aṣòfin ló ń dárúkọ iṣẹ́ àti ibi tí yóò wà. Iléeṣẹ́ ìjọba kan ló ń gba owó, ló ń gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, ló sì ń sanwó fún un. Owó náà kì í gba ọwọ́ aṣòfin kọjá, lórí ìwé ó kéré tán. Nígbà mìíràn, iléeṣẹ́ tí wọ́n so iṣẹ́ mọ́ kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹ lè rí iná òpópónà lábẹ́ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó omi odò. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, ẹ ṣáà kọ orúkọ iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, torí òun gan-an lẹ máa bi léèrè bí iṣẹ́ bá dúró.

Ìgbà tó yẹ kí ìwé yín dé

Oṣù Kìíní sí oṣù Kejìlá ni ọdún ìṣúná. Ààrẹ máa ń gbé àbá rẹ̀ síwájú àwọn aṣòfin ní ìparí ọdún tó ṣáájú: ti 2024 dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 2023, Ààrẹ sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní. Ti 2025 dé ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2024, kò sì di òfin títí di ọjọ́ 28 oṣù Kejì 2025. Ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ ti kọ tiwọn tipẹ́ kó tó di pé ó jáde sí gbangba. Nítorí náà, ìwé tó bá dé láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án ló ṣì bá àyè. Èyí tí ẹ bá gbé lọ ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ọdún tó kàn lẹ ń kọ ọ́ fún, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò sì ní mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni ilé sábà máa ń jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ rí aṣòfin lójúkojú ní Ìkòròdú, kó wá a láàárín ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ajé, tàbí nígbà ìsinmi gígùn tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Keje tó ń wọ oṣù Kẹsàn-án. Ìsinmi yẹn bọ́ sí àsìkò tí ìwé yín wúlò jù, ẹ má jẹ́ kó lọ.

Bí a ṣe ń kọ lẹ́tà náà

Ojú ewé kan, ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́tà tó bá ní omi, iná, ọ̀nà, iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àti ìkíni ọjọ́ ìbí nínú, kò sí ibi tí akọ̀wé ọ́fíìsì máa tò ó sí. Bí ohun mẹ́ta bá ń dùn yín, ẹ kọ lẹ́tà mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí ìpàdé kọ́kọ́ pinnu èyí tó ṣáájú, torí èyí tó bá rọrùn jù ni wọ́n máa mú.

Orúkọ CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín, ni kí ẹ fi kọ ọ́, lórí ìwé tó ní àkọlé ẹgbẹ́, kí alága, akọ̀wé àti akápò fọwọ́ sí i pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Kí CDC, ìgbìmọ̀ tó kó àwọn CDA pọ̀, tó wà lókè yín náà fi òǹtẹ̀ rẹ̀ tì í lẹ́yìn. Lẹ́tà tí ẹnì kan dá kọ, wọ́n á kà á sí ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí fáìlì Abuja ló ń lọ. Ṣùgbọ́n kí akọ̀wé ka ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá fún ìpàdé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ rí ní àwọn àdúgbò kan nítorí pé iná ni àwọn àgbà rò pé wọ́n fọwọ́ sí, ọ̀nà sì ni ìwé sọ.

Ohun tó ń ba lẹ́tà jẹ́ jù ni pé kì í sọ ohun tó ń béèrè. "A nílò omi" kò tó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "A ń bẹ̀bẹ̀ fún kànga ẹ̀rọ kan, pẹ̀lú táǹkì 5,000 lítà méjì lórí ìdúró onírin àti ẹnu omi mẹ́fà, sórí ilẹ̀ 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 50 tí ẹbí báyìí-báyìí ti yọ̀ǹda." Ẹni tó bá ka ìyẹn lè gbé e sínú ìṣúná láìpe yín. Ẹ fi iye ilé tó wà lójú ibẹ̀ kún un. Kíkà ni kí ẹ kà á, ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ so fọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ní déètì mọ́ ọn, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ibùdó tí Google Maps ń gbé jáde síbẹ̀ bí ẹ bá tẹ ojú àwòrán mọ́lẹ̀. Ìkòròdú kún fún òpópónà tó jẹ́ orúkọ kan náà. Agbaṣẹ́ṣe tó ń ti Abuja bọ̀ kò mọ èyí tó wà ní Owutu yàtọ̀ sí èyí tó wà ní Igbogbo.

Bí iṣẹ́ bá máa gba ilẹ̀, ìwé ìyọ̀ǹda ilẹ̀ ṣe pàtàkì ju lẹ́tà gan-an lọ. Kí olórí ẹbí àti, ó kéré tán, àgbà méjì mìíràn nínú ẹbí náà fọwọ́ sí i, kí baálẹ̀ jẹ́rìí, kí ìwọ̀n ilẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ má gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu. Bí agbaṣẹ́ṣe bá dé pẹ̀lú irinṣẹ́, tí ẹ̀ka ẹbí kejì jáde pé kò sẹ́ni tó bi àwọn, kò ní dúró bá yín parí ẹjọ́. Yóò kó irinṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà á sì bọ́ sí àdúgbò mìíràn.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní mẹ́ta. Ọ̀kan fún ọ́fíìsì ẹkùn ìdìbò, ọ̀kan fún ọ́fíìsì rẹ̀ ní National Assembly Complex, Three Arms Zone, Abuja, ọ̀kan fún fáìlì yín. Lórí ti fáìlì yín ni kí ẹni tó gbà á ti kọ orúkọ rẹ̀, déètì àti ìbuwọ́lùwé, kó sì lu òǹtẹ̀. Ẹ má fi lé dírẹ́bà lọ́wọ́, ẹ má fi lé ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ní "mo máa bá yín fún ọ̀gá" lọ́wọ́, bó ti wù kó sún mọ́ ọ̀gá tó. WhatsApp dára fún ìránnilétí, kì í ṣe fún ìwé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ ìránnilétí onílà mẹ́rin, ẹ dárúkọ déètì lẹ́tà àkọ́kọ́ níbẹ̀, kí ẹ sì so ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Wíwá iṣẹ́ yín nínú ìwé ìṣúná

Bí Ààrẹ bá ti fọwọ́ sí ìṣúná, Budget Office of the Federation máa ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní budgetoffice.gov.ng. Ìwé ńlá ni, kò sẹ́ni tó ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ fa PDF rẹ̀ wálẹ̀, ẹ wá "IKORODU" nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ wá orúkọ LCDA yín, orúkọ àdúgbò yín, àti "LAGOS EAST" fún ti sẹ́nétọ̀. Ẹ gbìyànjú orúkọ tí wọ́n lè ti ṣì kọ pẹ̀lú, torí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í ṣe ará Ìkòròdú. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ERGP, orúkọ iṣẹ́, bóyá ó jẹ́ tuntun tàbí èyí tó ń lọ lọ́wọ́, àti iye owó. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ bó ṣe wà gan-an. Pẹ̀lú rẹ̀ lẹ ó fi máa bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn lọ.

Ẹ tún wo òkè ojú ewé kí ẹ mọ iléeṣẹ́ tí ìlà náà wà lábẹ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ kan náà bá wà ní ibi méjì, lábẹ́ iléeṣẹ́ méjì, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé aṣojú àti sẹ́nétọ̀ dárúkọ òpópónà kan náà láìmọ̀, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn.

Iye tó wà nínú ìwé kì í ṣe iye tó jáde. Owó tí wọ́n kọ jẹ́ àṣẹ láti ná. Ó ṣì ku kí ìjọba rí owó náà kó sì tú u sílẹ̀. Láti ibẹ̀ sì ni owó orí VAT 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún àti àwọn owó orí mìíràn ti ń jáde. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ₦20 mílíọ̀nù nínú ìwé, ẹ má lọ sọ fún àdúgbò pé ₦20 mílíọ̀nù ti wọlé.

Bí oṣù bá ń lọ tí ẹ kò rí agbaṣẹ́ṣe, ẹ lo Òfin FOI ti 2011, èyí tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwífún lọ́wọ́ ìjọba. Iléeṣẹ́ tí iṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ béèrè ohun márùn-ún: orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un, iye tí wọ́n ti san, àkójọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n wọn, àti ọjọ́ tó yẹ kó parí. Òfin kò ní kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, ẹ má kọ ìtàn sí i. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìwé bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ sílé ẹjọ́. Owó ìtanràn ẹni tó bá fi ìwífún dù yín láìtọ́ jẹ́ ₦500,000. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ kì í dé ilé ẹjọ́: ìgbà tí iléeṣẹ́ bá rí i pé àdúgbò mọ nọ́ńbà ìlà ni agbaṣẹ́ṣe máa ń pè yín lórí fóònù. ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, náà ti ń tọpa iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn láti 2019, ètò Tracka ti BudgIT, ẹgbẹ́ aráàlú tó ń ṣọ́ ìṣúná, sì ti wà láti 2014. Ẹ̀dà ìwé yín ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.

Nígbà tí iṣẹ́ bá dé ojú ilẹ̀

Ibí ni àdúgbò ti máa ń sinmi, ibí gan-an sì ni nǹkan ti ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú tíráńsífọ́mà. Ó dé, wọ́n kùn ún, wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, ọdún méjì ó sì wà lórí kọnkéré láìtan gílóòbù kan. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé wáyà tó gba àdúgbò kọjá jẹ́ 33kV (kV ni ìwọ̀n agbára iná), tíráńsífọ́mà tí wọ́n rà sì jẹ́ ti 11kV, tàbí kó jẹ́ ìdàkejì. Ẹ lọ síbi tíráńsífọ́mà tó ń ṣiṣẹ́ lórí wáyà kan náà, ẹ dúró sí ìta ọgbà rẹ̀, ẹ fi fóònù fa àwo irin ara rẹ̀ mọ́ra kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀: ẹ ó rí 11/0.415 tàbí 33/0.415, àti ìwọ̀n rẹ̀, bíi 300 tàbí 500 kVA. Fọ́tò yẹn ni kó wà nínú lẹ́tà yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí kejì ni pé tíráńsífọ́mà nìkan ni wọ́n kọ sínú ìṣúná: kò sí àpótí ìpín-iná, kò sí káàbù tó ń gòkè lọ bá wáyà, kò sí ohun tó ń gba mànàmáná. Àdúgbò á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó fún ohun tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́. Ìdí kẹta: NEMSA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ohun èlò iná wò, gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fún un níwèé ẹ̀rí, iléeṣẹ́ apíniná, tó jẹ́ Ikeja Electric ní Ìkòròdú, sì gbọ́dọ̀ gbà á kí wọ́n tó so ó. Ẹ bi agbaṣẹ́ṣe pé ta ló ń san ìyẹn kó tó já a sílẹ̀. Iléeṣẹ́ amúnáwá Egbin, ní ẹ̀gbẹ́ Ijede, lè pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320. Tíráńsífọ́mà tí ìwé ẹ̀rí kò tíì jáde fún kò rí ọ̀kan nínú rẹ̀ lò.

Fún òpópónà olókúta, èyí tí wọ́n ń pè ní interlock, ẹ mú rúlà dání. Òkúta tí ọkọ̀ máa gùn gbọ́dọ̀ nípọn tó 80 mìlímítà, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ. Ti 60 jẹ́ ti ibi ìrìnsẹ̀ àti àgbàlá ilé, ó sì dínwó, ìdí nìyẹn tó fi máa ń bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó ṣì wà ní òkìtì, torí tí wọ́n bá tò ó tán, ẹ ò rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó da yanrìn, ẹ wò ó bóyá wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, bóyá gọ́tà sì ti wà ṣáájú. Ibi tí wọn kò bá ti fi kọnkéré dí etí ọ̀nà, típà kan tó gbé yanrìn gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára ara wọn.

Kànga ẹ̀rọ: àdúgbò tó bá sún mọ́ ọ̀sà, láti Majidun títí dé Baiyeku, kí wọ́n béèrè àyẹ̀wò ilẹ̀ kí ìgbẹ́lẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà gbẹ́ omi oníyọ̀. Kí ẹ sì ti mọ ẹni tó máa ra epo àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i.

Iṣẹ́ tó bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé, ẹ má bá òṣìṣẹ́ jà lójú ibẹ̀. Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú rúlà tàbí téèpù lára rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí aṣòfin. Aṣòfin tó bá fẹ́ràn orúkọ rẹ̀ lára bọ́ọ̀dù iṣẹ́ náà kò ní fẹ́ kí iṣẹ́ náà wó kí ìbò tó dé.

Pẹ̀tíṣọ̀n àti ìpàdé gbangba

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí owó ìṣúná kò lè yanjú: ọlọ́pàá tó ń fìyà jẹ èèyàn, iléeṣẹ́ àpapọ̀ tí kò san owó ìfẹ̀yìntì, ilẹ̀ tí iléeṣẹ́ ìjọba gbà láìsan gbà-máà-bínú. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ìwé ẹ̀sùn wà nílé aṣojú-ṣòfin, ní ti sẹ́nétì sì ni ìgbìmọ̀ ìwà, ẹ̀tọ́ àti ìwé ẹ̀sùn. Ẹ kọ ọ́ sí olórí ilé, kí ẹ fi orúkọ, àdírẹ́sì àti ìbuwọ́lùwé sí i, kí ẹ sì gbé e fún aṣojú yín láti gbé e kalẹ̀ nínú ilé. Àwọn ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n dá a padà kò pọ̀: ọ̀rọ̀ tó ti wà nílé ẹjọ́, èébú inú ìwé, àìsí ìbuwọ́lùwé. Bí ìgbìmọ̀ bá gbà á, abala 89 òfin orílẹ̀-èdè fún wọn lágbára láti pe ẹni tí ẹ fẹ̀sùn kàn wá síwájú wọn.

Nípa ìpàdé gbangba, kí àdúgbò yan ẹnì kan ṣoṣo láti sọ̀rọ̀. Ìkíni rẹ̀ má ju ìlà kan lọ: "Ọ̀nọ́rébù, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìrìnàjò." Lẹ́yìn náà, kó ka nọ́ńbà ìlà, iye, iléeṣẹ́, kó sì béèrè ohun kan tó ní ọjọ́ nínú: "Ìgbà wo ni agbaṣẹ́ṣe máa dé ojú ilẹ̀?" Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí ẹ fi í ránṣẹ́ padà sí ọ́fíìsì rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ gbọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ń pín níbẹ̀, ẹ gbà á bí wọ́n bá fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìlà tiwọn nínú ìṣúná, kì í ṣe àpò ẹnikẹ́ni ni wọ́n ti jáde.

Bí aṣòfin kò bá ṣe nǹkan kan rárá

Àwọn kan á ní kí a pè é padà sílé. Abala 69 fàyè gbà á: ìwé tí ó ju ìdajì àwọn olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà fọwọ́ sí, kó lọ sọ́dọ̀ alága INEC, kí INEC yẹ ìbuwọ́lùwé wò, kí ìdìbò sì wáyé láàárín ọjọ́ 90. Ní 2025, ní Àárín Gbùngbùn Kogi, ìbuwọ́lùwé 208,132 ni wọ́n kó jọ nínú olùdìbò 474,554, ìdá 43.86 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, INEC sì ní kò tó. Láti 1999, kò tíì sí aṣòfin àpapọ̀ kan tí wọ́n fi ọ̀nà yìí yọ. Wàhálà tó máa gbà yín láti kó ìdajì olùdìbò Ìkòròdú jọ, ẹ lè fi kọ ogún lẹ́tà FOI.

Ìjókòó ilé yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà 2023, ọdún mẹ́rin sì ni. Bí ìjókòó kan bá parí, ẹ má retí pé ìwé tí aṣòfin tó ń lọ gbà ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀, bí ẹni tuntun bá tilẹ̀ wá láti ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà. Kí akọ̀wé CDA ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì náà, pẹ̀lú òǹtẹ̀, nọ́ńbà ìlà àti fọ́tò, kó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì tuntun ní oṣù kan náà tí wọ́n bá búra fún un.